Iléèwé wo ló yẹ ọmọ tó ní ìpèníjà? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin fún òbí tó wà ní Èkó àti ìtòsí rẹ̀

Gbogbo ìgbà tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé ni àwọn òbí máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ọmọ mi kò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọmọ mi kò gbọ́ràn. Ẹsẹ̀ ọmọ mi kò gbé e: ṣé kí n mú un lọ síbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ ni, àbí kí n wá iléèwé àkànṣe fún un? Ọdún keje rèé tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi ọkùnrin ní autism, ìpèníjà tó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá ènìyàn ṣe nǹkan pọ̀ ṣòro fún ọmọ. Ó lọ kírẹ́ṣì kan, ó lọ iléèwé aládàáni méjì, kó tó dé ibi tó wà lónìí. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo kọ síbí, pẹ̀lú ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí tí a jọ máa ń jókòó de tẹ́rápíìsì ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òfin, torí mo ti rí ìyá tó kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì hẹdimísíìsì kí wọ́n lè gba ọmọ rẹ̀. Ẹ má kúnlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ àkàndá ẹ̀dá títí dé òpin sẹ́kọ́ńdírì; pé gbogbo iléèwé ìjọba ló gbọ́dọ̀ ṣeé lò fún wọn; pé ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ wà ní iléèwé kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ tó bá ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ á san mílíọ̀nù kan náírà. Bó bá jẹ́ ènìyàn kan ni, ó lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Láti ọdún 2011 ni Èkó ti ní òfin tirẹ̀, òfin yẹn ló sì gbé LASODA kalẹ̀, ọ́fíìsì tí a lè gbé ẹjọ́ lọ. Kò sí ẹni tó máa fi òfin kọ́ ọmọ ní ABD, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá tọrọ bárà.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Mẹ́rin ni, àkọ́kọ́ ló sì wúwo jù lójú tèmi: ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà?

Iléèwé aládàáni àkọ́kọ́ tí a lọ ní ẹ̀rọ amúlétutù ní gbogbo kíláàsì, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé àwọn ń gba gbogbo ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ni wọ́n gbé àga ọmọ mi sí. Wọ́n kó kíréyọ̀nù fún un, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí i fún odindi ọdún kan. Iléèwé kejì kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ríìmù mọ́tò tí wọ́n so kọ́ igi máńgòrò ni agogo wọn. Bí wọ́n bá ti lù ú báyìí, ọmọ mi á fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, á kó sábẹ́ tábìlì, kò sì ní jáde fún ogún ìṣẹ́jú. Tíṣà kíláàsì rẹ̀ kò kọ́ nǹkan kan nípa autism. Ìwé ẹ̀rí NCE ló ní, ẹ̀kọ́ Yorùbá ló kà. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí agogo lù, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́ dé ìdí igi, ó fi irin tí wọ́n fi ń lù ú lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ lo máa lù ú lónìí." Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àjòjì. Ní ọjọ́ kejì ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, òun ló ń fa tíṣà lọ sídìí igi, kò sì wọ abẹ́ tábìlì mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé iléèwé kankan, n kì í béèrè bóyá wọ́n ń gba ọmọ bíi tèmi. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ̀? Kí lorúkọ onítọ̀hún? Ṣé mo lè rí i báyìí? Bí wọn kò bá lè dárúkọ ẹnì kan, mo ti gba èsì mi.

Èkejì ni owó, odindi ọdún kan ni kí ẹ sì fi ṣírò rẹ̀, ẹ má fi táàmù kan ṣe é. Ẹ ka owó iléèwé, owó àǹtí tó máa jókòó tì í, owó ọkọ̀, owó tẹ́rápíìsì, àti iye ọjọ́ tí ẹ ò ní lè lọ ṣọ́ọ̀bù torí pé wọ́n pè yín pé kí ẹ wá mú un. Ẹ̀kẹta ni bóyá ètò náà á pẹ́: bí tíṣà bá kúrò ńkọ́, bí ọmọ bá parí Praímárì 6 ńkọ́? Ẹ̀kẹrin ni ibi náà fúnra rẹ̀, ariwo rẹ̀, iye ọmọ inú kíláàsì, àtẹ̀gùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà fúnra yín. Ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tí kò lè wọ ibẹ̀ kò ní mu omi látàárọ̀ títí dé agogo méjì, torí ó mọ ohun tó ń sá fún.

Kírẹ́ṣì àdúgbò

Fún ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, mo fẹ́ràn kírẹ́ṣì àdúgbò ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ó sún mọ́lé, kò wọ́n, àwọn àǹtí ibẹ̀ kò sì bẹ̀rù ìgbẹ́ àti itọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ ọlọ́dún méjì kì í fi ara wọn ṣẹ̀sín: bí ẹnì kan bá ń ràkò nígbà tí ìyókù ń sáré, wọ́n á ràkò bá a. Ibẹ̀ náà ló sábà máa ń jẹ́ pé ojú ọlọ́gbọ́n ti kọ́kọ́ rí nǹkan. Ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kò dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, tàbí tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "mọ́mì wá", ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò etí ṣáájú ohunkóhun mìíràn. Wọ́n ń ṣe é ní ẹ̀ka etí ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n ń ṣe é ní UCH Ìbàdàn. Ẹ má gbà fún ẹni tó ní ọkùnrin máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ọdún tí a fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kì í padà mọ́.

Àléébù rẹ̀ ni pé àǹtí kan lè máa tọ́jú ọmọ mẹ́jọ, kí tẹlifíṣọ̀n sì máa bá a tọ́ wọn. Èyí tó burú ju ìyẹn ni oúnjẹ. Àwọn kan ṣì ń rọ ọmọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sẹ́nu rẹ̀, wọ́n á sì da ògì sí i. Ewu ni fún ọmọ èyíkéyìí. Fún ọmọ tó ní cerebral palsy (ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ dáadáa), tí iṣan ọ̀fun rẹ̀ kò lágbára, ikú ló lè fà, torí ògì náà lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìyá kan tí a jọ ń lọ tẹ́rápì ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì fún òtútù àyà kó tó yọjú sí kírẹ́ṣì náà ní ọ̀sán, tó sì rí bí wọ́n ṣe ń fún un lóúnjẹ. Kò pariwo. Ó jókòó, ó gbé ọmọ náà jókòó ṣánṣán, ó tẹ orí rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fi ṣíbí kékeré bu ògì tó ki, ó dúró kó gbé e mì kó tó bu òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ní kí àǹtí náà ṣe é lójú òun. Ó kọ ọ́ sínú páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Òtútù àyà náà kò tún padà wá ní ọdún yẹn.

Bí àǹtí bá gbà kí ẹ kọ́ òun báyìí, kírẹ́ṣì yẹn tó. Bó bá ní, "Mọ́mì, a ti ń tọ́mọ kí wọ́n tó bí yín," ẹ gbé ọmọ yín.

Iléèwé aládàáni pẹ̀lú àǹtí tirẹ̀

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òbí tó rí owó díẹ̀ ń gbà nìyí: ọmọ wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àǹtí kan tí ẹ̀ ń sanwó fún sì jókòó tì í. Bó bá dára, kò sí ohun tó dà bí i. Ọmọ á máa gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, á mọ orin wọn àti eré wọn, a ó sì máa pè é síbi ọjọ́ ìbí.

Òun ló sì wọ́n jù. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024, ẹ ò sì ní rí ẹni gidi tó máa gba iye tó kéré sí i fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá fi oṣù mẹ́wàá ṣírò rẹ̀, ó di 700,000 náírà lórí owó iléèwé, láìtíì ka ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán àǹtí. Àwọn iléèwé kan tún máa ń gba owó lọ́wọ́ òbí pé àǹtí náà ń lo ààyè. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Ewu tí mi ò tètè rí ni pé àǹtí náà lè di ògiri. Tíṣà kíláàsì á rí i pé ọmọ yìí ti ní ẹni tirẹ̀, kò sì ní wò ó mọ́. Ẹ tẹ́tí sí ẹnu wọn: níbi tí tíṣà ti ń sọ pé "Mọ́mì, ọmọ yín tún ti bẹ̀rẹ̀ o," wọn kò tíì gbà á. Níbi tó ti ń sọ pé "ó ṣe wá báyìí lónìí, kí la lè ṣe?", ó ti di tiwọn. Iṣẹ́ àǹtí gidi ni pé kó máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ní táàmù kìíní ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ìkejì ó wà lẹ́yìn kíláàsì, ní ìkẹta ó ń ran àwọn ọmọ mìíràn lọ́wọ́, ó kàn ń fi ojú ṣọ́ tiyín.

Ti pé kó pẹ́, ibí ló ti kùnà fún wa. Lẹ́yìn táàmù méjì, àǹtí ọmọ mi rí iṣẹ́ tó sanwó jù, ó lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tíṣà tó fún un ní irin agogo lọ sí kíláàsì mìíràn. Ọmọ náà padà sábẹ́ tábìlì.

Iléèwé ìjọba tó ní ẹ̀ka àkàndá ọmọ

Ní Èkó, àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan wà tó ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, tí wọ́n ń pè ní inclusive unit. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ó wà. Àwọn mìíràn mọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti mú ọmọ lọ iléèwé ìjọba. Ohun tó dá mi lójú nípa rẹ̀ ni pé àwọn tíṣà ibẹ̀ kọ́ṣẹ́ yìí ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣà àkàndá ọmọ ní ìhà wa ló kàwé jáde ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1977. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá irú tíṣà bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, òun ló bi mí ní ìbéèrè: ṣé ọmọ mi máa ń tọ́ka sí ohun tó bá fẹ́, àbí ńṣe ló ń fa ọwọ́ mi lọ síbẹ̀? Kò sí iléèwé tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Kò sí owó iléèwé. Owó ọkọ̀ ni ẹ máa ru, torí kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló ní ẹ̀ka yìí. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀, ni kí ẹ ti béèrè èyí tó sún mọ́ yín jù. Tíṣà ìjọba kì í déédéé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín táàmù, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé e lọ sí iléèwé mìíràn, ìyanṣẹ́lódì sì lè dé.

Ohun tí ẹ máa fi ojú yín wò ni bóyá ẹ̀ka náà àti iléèwé tó yí i ká jọ ń gbé. Mo ti dé ọgbà kan tí ẹ̀ka náà wà ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń ti géètì rẹ̀, tí àkókò ìsinmi tiwọn sì yàtọ̀. Ọgbà kan náà ni, ìlú méjì ni wọ́n. Ẹ lọ ní àkókò ìsinmi, ẹ dúró, ẹ wo ẹni tó ń bá ta ni ṣeré. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe nínú ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọmọ tiyín á máa lọ sí kíláàsì gbogbogbòò fún orin, eré ìdárayá, tàbí ìṣirò bó bá mọ̀ ọ́n, ìyẹn dára.

Fún àwọn tó wà ní Ìbàdàn tí ọmọ wọn jẹ́ adití, Methodist Grammar School ní Bódìjà àti Ìjòkòdó High School ti mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti máa kọ́ adití àti ẹni tó gbọ́ràn nínú ọgbà kan náà.

Iléèwé àkànṣe

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé kò yẹ kí iléèwé àkànṣe wà mọ́, pé kí gbogbo ọmọ jọ wà pa pọ̀. Mi ò lè bá wọn sọ ọ́ tán bẹ́ẹ̀, pàápàá lórí ọmọ adití.

Èdè ni ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ adití nílò. Bí ẹ bá fi òun nìkan sí àárín ogójì ọmọ tó ń gbọ́ràn, tí tíṣà kò mọ èdè ọwọ́, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ pé ó wà láàárín wọn. Ó kàn ń wo ẹnu tó ń mì ni. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, á jà, á bẹ̀bẹ̀, á pa irọ́, á sọ àlá tó lá. Wesley School for the Deaf ní Sùúrùlérè ti wà láti ọdún 1958. Ní Ìbàdàn, Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, wá dá iléèwé adití sílẹ̀ ní ọdún 1960, òun ló sì tan èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà ká, èyí tí ọ̀pọ̀ adití wa fi ń sọ̀rọ̀ títí dòní. Àmọ́ bí ẹ bá mú ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ kọ́ èdè náà. Mo mọ ilé kan tí ọmọ máa ń wá lo ọlidé, tí kò sí ẹni tó lè bi í pé kí ló jẹ ní iléèwé.

Ti afọ́jú yàtọ̀ díẹ̀. Bíráìlì (ìwé tí a ń fi ìka kà), ọ̀pá, àti bí a ṣe ń rìn kiri láìkọsẹ̀ ni ó nílò ní kékeré. Pacelli School for the Blind, ní Sùúrùlérè bákan náà, ti ń kọ́ wọn láti ọdún 1962. Àwọn tó bá jáde níbẹ̀ a máa lọ sí sẹ́kọ́ńdírì pẹ̀lú àwọn tó ríran. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù fún wọn nìyẹn: ẹ kọ́kọ́ fún un ní irinṣẹ́, kí ẹ tó mú un wọ àárín ọ̀pọ̀. Iwájú kò sì dí. WAEC ń ṣètò ìdánwò fún wọn, JAMB pàápàá ní ìgbìmọ̀ kan, JEOG, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, tó ń ṣètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú láti ọdún 2017.

Ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ tó le ní Atunda-Olu ní Sùúrùlérè àti Modupe Cole ní Akọ́kà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀, bíi wíwọ aṣọ, fífọ ẹnu, jíjẹun fúnra ẹni, àti iṣẹ́ ọwọ́, kò sí iléèwé gbogbogbòò tó ní àyè fún un.

Àléébù wọn ni pé wọ́n jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa, wọn kò pọ̀, ọmọ kékeré sì lè ní láti máa gbé ibẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ tí kò lè sọ ohun tó ṣe é máa sùn níta. Ní ti àwọn ilé ìtọ́jú autism aládàáni, owó wọn lè ju ti iléèwé aládàáni tó dára lọ. Ẹ lò wọ́n fún tẹ́rápì wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, bí ẹ kò bá lè san gbogbo rẹ̀. Ìjọba náà ní ibùdó ìtọ́jú ọmọdé ní Òṣòdì, lábẹ́ ọsibítù ọpọlọ ti Yábàá. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn lé yín sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba tó ń gbèrò láti fi ọmọ ránṣẹ́ sílé: bí ọmọ yín bá ti ní ìwé EHCP, èyí tí wọ́n kọ ìrànlọ́wọ́ tó yẹ ọmọ náà ní iléèwé sí, ìjọba ìbílẹ̀ yín lófin mú láti pèsè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé náà kò ní bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ rò ó dáadáa.

Ta ni kó mú èwo

Ọmọ tí kò tíì pé mẹ́rin, kírẹ́ṣì àdúgbò tí àǹtí rẹ̀ gbẹ̀kọ́, pẹ̀lú àyẹ̀wò etí àti tẹ́rápì. Ọmọ adití, iléèwé adití, tàbí ibi tí adití bíi tirẹ̀ ti pọ̀ tí olùkọ́ sì gbọ́ èdè ọwọ́. Afọ́jú, Bíráìlì lákọ̀ọ́kọ́, sẹ́kọ́ńdírì gbogbogbòò lẹ́yìn náà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ nìkan ń dà láàmú tí ọpọlọ rẹ̀ pé, iléèwé tó sún mọ́lé jù lọ tó ní kíláàsì nísàlẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé wọ̀. Kò sí ìdí kankan láti yà á sọ́tọ̀. Òbí tó lágbára láti sanwó àǹtí fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, tí tíṣà kíláàsì sì fẹ́ ọmọ náà, kó mú aládàáni. Bó bá jẹ́ owó táàmù kan ṣoṣo lẹ rí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ máa já lójijì. Ọmọ tó ní autism kì í sábà fara da irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Fún ọmọ tèmi, ẹ̀ka inú iléèwé ìjọba ni a wà báyìí. Ó ń ka ìwé nínú ẹ̀ka ní àárọ̀, ó ń bá àwọn ọmọ Praímárì 3 ṣe orin àti eré ìdárayá, ó sì ń lọ tẹ́rápì ní Sátidé. Torí pé mo mọ̀ pé tíṣà lè kúrò nígbàkúùgbà, mo ra ìwé kékeré olójú ewé ogójì kan, mo kọ ohun gbogbo tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ sí i: ohun tó ń dẹ́rù bà á, ohun tó ń mú un rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń béèrè omi. Ọwọ́ tíṣà ni ìwé náà máa ń wà, òun náà sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ohun tí mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ni pé: "Bí agogo bá fẹ́ lù, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ṣáájú. Bí ààyè bá wà, ẹ jẹ́ kó lù ú."